Bátìrì Tí Mo Jókòó Tì ní Libreville

Láti ọjọ́ tí mo ti dé, ìbéèrè kan náà ni gbogbo Ògbómọ̀ṣọ́ ń bi mí: ṣé lóòótọ́ ni pé owó epo ti pọ̀ ní Gàbọ́ọ̀nù débi pé wọ́n ń fi owó nu ọwọ́? Mi ò rí ẹni tó fi owó nu ọwọ́. Mo rí obìnrin kan tó ń fi fáànù lé eṣinṣin lórí ẹja láti àárọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, ìyẹn ló sì yà mí lẹ́nu ju owó lọ. Kí n kúkú kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, kí ẹnu mi lè sinmi.

Ilé-ń-lọ

Èmi Sùnmọ́nù, bátìrì ni mo ń ṣáájì jẹun. Ṣọ́ọ̀bù mi wà lẹ́bàá títì Ìlọrin, níbi tí àwọn awakọ̀ akẹ́rù ti máa ń yà bí ọkọ̀ wọn bá kọ̀ tí kò ṣíná. Ọwọ́ Ọ̀gá Làmídì ni mo ti kọ́ṣẹ́. Àwọn ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbé ẹ̀rọ ìṣáájì bátìrì wọ àdúgbò wa. Ọmọ tó lé ní ogójì ló ti ọwọ́ wọn jáde: àwọn kan wà ní Ìlọrin, àwọn kan wà ní Ṣakí, ẹnìkan wà ní Jẹ́bà tí odò ń kọjá lẹ́yìnkùlé rẹ̀. Ohun tí Ọ̀gá kọ́ gbogbo wa lọ́jọ́ kìíní ni pé bátìrì kì í purọ́ fún wáyà. Fi wáyà kan orí rẹ̀ méjèèjì fìrí. Bí iná bá ta páá, ó wà láàyè. Bí ó bá ta ṣín-ín, òkú ni. Orí iná yẹn ni gbogbo wa ti ń jẹun, tí a sì fi kọ́lé.

Iṣẹ́ náà ló ba Ọ̀gá láyà jẹ́. Èéfín ásíìdì tí wọ́n ti ń fà símú láti ìgbà èwe ti wọ̀ wọ́n lára. Bí atẹ́gùn bá ti dá, èémí wọn á máa sáré lé ara wọn, àfi kí fáànù máa fẹ́ sí wọn kí wọ́n tó lè fojú kan oorun. Ní ọjọ́ kan wọ́n ránṣẹ́ pè mí.

"Sùnmọ́nù, mo fẹ́ fojú kan àwọn ọmọ mi kí n tó lọ."

"Ọ̀gá, ṣé kí n ránṣẹ́ sí wọn kí wọ́n máa bọ̀ ni?"

"Rárá o. Ẹni tó bá wá kí mi, agbádá ni yóò wọ̀ wá. Mo fẹ́ bá wọn nínú ẹ̀wù iṣẹ́, kí n rí ohun tí ọwọ́ wọn ń ṣe."

Ó dáa bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n ilé ta ni Ọ̀gá yóò máa sùn láti Ìlọrin dé Jẹ́bà, tí fáànù yóò dá wa lójú níbẹ̀? Iná mànàmáná tó ń lọ tó ń bọ̀ bí àlejò tí kò mọ ilé ni yóò máa gbé fáànù ọ̀hún. Bí mo ṣe ń ro èyí lọ́wọ́ ni òyìnbó kan tó ń wọn ilẹ̀ fún títì tuntun ń palẹ̀ mọ́ láti relé. Ó ní mọ́tò kan tó ní ilé nínú: bẹ́ẹ̀dì, kọ́bọ́ọ̀dù, ibi ìdáná, fáànù lókè orí. Inú rẹ̀ ni òun àti ìyàwó rẹ̀ máa ń gbé lọ wo àpáta àti odò kiri bí wọ́n bá gba ìsinmi. Mo rà á. Àwọn ọmọ àdúgbò sọ ọ́ ní Ilé-ń-lọ.

Bátìrì tó ń gbé fáànù inú rẹ̀ ti kú. Mo yọ ọ́, mo fi bátìrì lọ́rì sí i, tuntun, tí iná rẹ̀ ń ta bí ìbọn. Fáànù náà ṣiṣẹ́ fún wákàtí mélòó kan, ó dákẹ́. Mo pààrọ̀ rẹ̀. Òmíràn náà tún dákẹ́. Òyìnbó ti sọ fún mi kó tó lọ pé irú bátìrì tí wọ́n ń lò nínú ọkọ̀ ojú omi ni mọ́tò náà ń fẹ́, pé kì í ṣe ti lọ́rì. Mo rẹ́rìn-ín sí i. Bátìrì ni bátìrì. Èmi Sùnmọ́nù ló tún fẹ́ kọ́ níṣẹ́.

Ìgbà tí Àlàájì Búrẹ́mọ̀, ọmọ ìlú wa tó ń ṣòwò ní Libreville, olú-ìlú Gàbọ́ọ̀nù, wálé Iléyá ni mo tó gbọ́ ọ̀rọ̀ gidi. Wọ́n ní lọ́hùn-ún, àwọn tó ń wa epo àti àwọn ọlọ́kọ̀ ojú omi ń kó irú bátìrì bẹ́ẹ̀ dànù bí wọ́n bá ti rí tuntun, owó pọ́ọ́kú ni èèyàn sì ń fi rà á. Mo gbéra. Ọyẹ́ kù díẹ̀ kó dé, eruku ọyẹ́ àti àyà Ọ̀gá kì í ṣe ọ̀rẹ́. Bí mo bá pẹ́, ìrìn-àjò wọn di ọdún tí ń bọ̀, kò sì sí ẹni nínú wa tó fẹ́ fẹnu pe ọdún tí ń bọ̀ níwájú wọn.

Ẹni tó kọ́kọ́ kí mi

Mi ò ní fi ìrìn orí omi dá yín lágara. Mo bì, mo sùn, mo jí, mo tún bì. Ìgbà tí wọ́n ní a ti dé ni mo tó gbé orí sókè dáadáa.

Ohun àkọ́kọ́ tí mo rí ni igbó. Igbó ń tẹ̀lé òkun bọ̀ láìdá lẹ́sẹ̀, títí ó fi dé ibi tí ìlú ti dá a dúró. Gẹdú tó tóbi ju yàrá mi lọ sùn sílẹ̀ lẹ́bàá omi, òmíràn ń léfòó bí ẹni tí kò nílé. Lẹ́yìn wọn ni ilé funfun ti dìde lórí ilé funfun, tí àwọn ẹ̀rọ ìkọ́lé gígùn na ọrùn sókè láàárín wọn. Títì kan gba etí òkun lọ, ó dán, ọkọ̀ ń sáré lórí rẹ̀ láìfun fèrè. Mo ti rí Èkó, n kò jẹ́ kí ìlú tètè wọ̀ mí lójú, ṣùgbọ́n mo jẹ́wọ́ pé mo dúró wò ó títí àwọn tó wà lẹ́yìn mi fi ń fi ẹrù gún mi nídìí.

Ní èbúté, òṣìṣẹ́ kan tó wọ aṣọ ìjọba jókòó nídìí tábìlì. Mo na ìwé mi sí i. Ó wò mí, ó ní, "Bonjour, monsieur." Mo tún na ìwé. Ó rọra dá a padà sí mi lọ́wọ́, ó tún ní, "Bonjour, monsieur," ó sì dúró. Ọkùnrin ẹ̀yìn mi ló sọ fún mi pé kí n kí i padà. Mo kí i. Ojú rẹ̀ tú ká, ó gba ìwé, ó lù ú ní òǹtẹ̀, ó ní kí n máa lọ ire. Ojú tì mí díẹ̀. Èmi ọmọ Yorùbá, tí wọ́n fi ìkíni wò láti kékeré, ni àlejò ilẹ̀ kọ́ ní ìkíni lẹ́nu ibodè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé ní ìlú yìí, ọ̀rọ̀ kì í bẹ̀rẹ̀ kí a tó kí ara wa. Nínú tasí pàápàá, ẹni tó bá wọlé bá ẹ á kọ́kọ́ ní "Mbolo," ìwọ náà á dáhùn, kó tó di pé ó sọ ibi tó ń lọ.

Awendjé

Awendjé ni Àlàájì Búrẹ́mọ̀ ń gbé, ní àdúgbò tí ilé fi èjìká gbá èjìká, tí ṣọ́ọ̀bù kéékèèké sì wà lójú ilé kọ̀ọ̀kan. Aṣọ àti abọ́ ni Àlàájì ń tà. Níbẹ̀, èèyàn á gbọ́ Yorùbá Ọ̀yọ́, á gbọ́ ti Nàgó, á gbọ́ Faransé láàárín wọn bí iyọ̀ nínú ọbẹ̀. Ọmọbìnrin Àlàájì, Ràfíátù, tí wọ́n bí síbẹ̀, jáde wá, ó kúnlẹ̀ wọ̀ọ̀, ó wá ní, "Bonsoir, tonton." Mo ní kí ni ọmọ yìí wí? Àlàájì rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní orúnkún rẹ̀ gbọ́ Yorùbá dáadáa, ẹnu rẹ̀ ló kù.

Mi ò sinmi. Ní ọjọ́ kejì ni mo ti wọ ọjà. Ọmọ ilẹ̀ wa kan tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ nítòsí ní bátìrì lóríṣiríṣi. Mo ní kó tò wọ́n sílẹ̀ fún mi, mo fa wáyà mi yọ nínú àpò (wáyà yẹn kì í kúrò lára mi, bí ìlẹ̀kẹ̀ ṣe wà lọ́rùn ìyàwó tuntun), mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í kàn án mọ́ orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Páá! Àwọn èèyàn dúró wò mí. Páá! Àlàájì ń mi orí. Mo ṣa mẹ́ta tí iná wọn ta jù. Gbogbo owó tí mo mú wá fún bátìrì ni mo fi rà wọ́n, mo gbé wọn délé bí ẹni gbé adé.

Ṣùgbọ́n mo ti mú fáànù Ilé-ń-lọ dání wá láti ilé, kí n lè dán wọn wò. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹta mo so ó mọ́ èkíní. Ó ń fẹ́ yẹ́ẹ́. Kó tó di pé a kí ìrun Àsárì, ó ti ń wọ́ ẹsẹ̀, kò sì pẹ́ tó fi dúró. Mo ní àìkún ni, mo ṣáájì rẹ̀. Mo so ó mọ́ èkejì ní ọjọ́ kẹrin, ó tún dúró kí Àsárì tó pé. Ẹ̀kẹta kò tilẹ̀ dé ibẹ̀. Mo jókòó sórí àpótí Àlàájì, mo gbá ẹ̀rẹ̀kẹ́ mú. Ó kù ọjọ́ méjì kí ọkọ̀ ojú omi mi gbéra, bátìrì mẹ́ta tí mo rà kò yàtọ̀ sí èyí tí mo fi sílẹ̀ nílé.

Inú bí mi sí ẹni tó tà wọ́n fún mi, mo fẹ́ lọ bá a jà. Àlàájì dá mi dúró. Wọ́n ní, "Sùnmọ́nù, kò sí ohun tí ẹni yẹn parọ́ fún ọ. Ìwọ lo mú wáyà, ìwọ lo ṣa á. Dìde, jẹ́ ká lọ jẹun."

Ẹja Màmá Odile

Plaine Orety ni wọ́n mú mi lọ, ní ibi tí àwọn òṣìṣẹ́ ọ́fíìsì ti máa ń jẹun ọ̀sán. Obìnrin onílẹ̀ kan tí wọ́n ń pè ní Màmá Odile ló ń ta oúnjẹ lábẹ́ páànù. Ó sanra, ó dúdú, ohùn rẹ̀ tutù. Àlàájì ló ń túmọ̀ ọ̀rọ̀ láàárín wa. Ó gbé gbágùúdá gígùn tí wọ́n fi ewé wé síwájú mi, pẹ̀lú ẹja yíyan nínú ọbẹ̀ dúdú kan tí wọ́n ń pè ní odika. Mo fi ìka tọ́ ọ wò. Mo tún un tọ́ wò. Àpọ̀n ni! Àpọ̀n ilé wa gan-an ni, tí wọ́n yan tí wọ́n sì dì pọ̀ bí ọṣẹ, tí èéfín igi sì ti wọ̀ ọ́ nínú. Ó dùn débi pé omi lé ròrò sójú mi, bí ẹni tó pàdé ará ilé níbi tí kò retí rẹ̀. Màmá Odile rí ojú mi, ó kàn tún bù sí i.

Ìgbà tí mo yó tán ni mo tó rí fáànù.

Fáànù kékeré ni, irú èyí tó máa ń wà níwájú awakọ̀ akẹ́rù. Ó wà lókè àwo ẹja, ó ń yí, kò jẹ́ kí eṣinṣin kan balẹ̀. Wáyà rẹ̀ sọ̀kalẹ̀ lọ sí abẹ́ tábìlì, níbi tí bátìrì kan wà tí ìdọ̀tí ti bo gbogbo ara rẹ̀. Ẹ mọ̀ mí. Mi ò bèèrè lọ́wọ́ ẹnì kankan. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fa wáyà yọ, mo kàn án mọ́ orí rẹ̀ fìrí. Iná tó ta kò tó ti ìṣáná tó ti tutù. Ṣíbí ìbọbẹ̀ Màmá Odile ló bà mí lọ́wọ́.

Mo ń fi ẹnu fẹ́ ìka mi, mo ní, "Àlàájì, ẹ bá mi sọ fún Màmá pé òkú ló gbé sábẹ́ tábìlì yìí o."

Àlàájì sọ ọ́. Obìnrin náà rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. "Ton mort-là travaille depuis le matin," ló wí.

Àlàájì túmọ̀ rẹ̀ fún mi. "Ó ní òkú rẹ yẹn, láti àárọ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́."

Mi ò gbà. Mo ní kí Àlàájì máa lọ, mo jókòó síbẹ̀. Àwọn òṣìṣẹ́ jẹun, wọ́n padà sẹ́nu iṣẹ́. Àsárì pé, mo kí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibẹ̀, fáànù ń fẹ́. Àwọn òṣìṣẹ́ jáde, wọ́n ń relé, fáànù ń fẹ́. Ìgbà tí Màmá Odile ń palẹ̀ ẹja tó kù mọ́, òun fúnra rẹ̀ ló yọ wáyà fáànù náà, kì í ṣe pé ó rẹ̀ ẹ́. Mo dìde, mo yọ fìlà mi, mo fi ọwọ́ juwe bátìrì náà, mo fi juwe ara mi. Ó mọ ohun tí mo ń bèèrè. Ó ní, "Akébé. Toussaint."

Ẹni tí kì í tajà fún oníkánjú

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, èyí tí í ṣe ọjọ́ tó kẹ́yìn kí ọkọ̀ mi tó lọ, èmi àti Àlàájì ti dé àdúgbò Akébé pẹ̀lú bátìrì mẹ́tẹ̀ẹ̀ta tí mo rà. Toussaint, ẹni tó ta bátìrì fún Màmá Odile, ń gbálẹ̀ lábẹ́ igi máńgòrò kan níwájú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Nàgó ni, ará Pobè, ẹlẹ́sìn Kristi, ọjọ́ orí wa á sún mọ́ra. Yorùbá rẹ̀ ń gba ọ̀nà mìíràn lọ, ṣùgbọ́n ilé kan náà ló ń dé sí. A kí ara wa. Ó béèrè Ògbómọ̀ṣọ́, mo béèrè Pobè, àwa méjèèjì kò dé ìlú ara wa rí, síbẹ̀ inú wa dùn.

Nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ ni mo ti rí wọn: àwọn bátìrì gíga, wúwo, tí wọ́n ti inú ọkọ̀ ojú omi àti ibùdó àwọn tó ń wa epo wá. Mo fẹ́ gbé ọ̀kan, mo sì gbé e sílẹ̀. Ẹ̀yìn mi kọ̀ ọ́. Mo wá fa wáyà mi yọ.

Toussaint di ọwọ́ mi mú. "Ẹ jọ̀ọ́, arákùnrin. Kí lẹ fẹ́ fi ìyẹn bi í?"

"Mo fẹ́ mọ̀ bóyá ó wà láàyè."

"Ìbéèrè bátìrì ọkọ̀ nìyẹn. Bátìrì ọkọ̀, igbe kan ṣoṣo ni iṣẹ́ rẹ̀: kó ké, kí ẹ́ńjìnnì jí, ó parí. Irin inú rẹ̀ fẹ́lẹ́, ó sì pọ̀, gbogbo agbára rẹ̀ ló ń jù sílẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Èyí, irin inú rẹ̀ nípọn. Kò mọ igbe ké. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mú nǹkan jáde. Ẹ fẹ́ gún iyán ìnáwó, ẹ wá ń wá ẹni tó lè ju ọmọ odó sókè."

Inú mi ń bí mi, nítorí mo mọ̀ pé òótọ́ ló ń sọ. Mo bi í pé báwo ni òun ṣe ń mọ èyí tó dára.

"Èèyàn á jókòó tì í," ló wí. "Bí mo bá ti ṣí ṣọ́ọ̀bù, màá so iná ọkọ̀ mọ́ ọn. Ẹni tó fẹ́ rà á á jókòó tì í, kò ní dìde àfi fún ìtọ̀ àti àdúrà. Bí òjìji igi máńgòrò yìí bá dé gọ́tà ọ̀hún tí iná kò tíì pọ́n bí iná tó fẹ́ kú, ó lè gbé e lọ. Bí iná bá pọ́n ṣáájú, mi ò tà á. Ẹni tó bá ń kánjú, mi ò tà fún òun náà."

Mo ní, "Ọ̀la ni ọkọ̀ mi ń lọ."

"Doucement, ẹ rọra. Òní ṣì wà nílẹ̀ gbáko."

Ó gbé mẹ́ta sílẹ̀, ó so iná mẹ́ta mọ́ wọn, ó gbé àpótí fún mi. Àlàájì lọ sí ìdí ọjà wọn. Àwọn àgbà ní ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́, ṣùgbọ́n àwọn àgbà kò sọ bí ẹ̀sọ̀ ṣe ń dun ìdí tó. Ní wákàtí àkọ́kọ́, mo fẹ́ bú sẹ́kún. Kò sí ohun tó ń ṣẹlẹ̀. Iná mẹ́ta ń tàn lójú oòrùn, èmi ń wò wọ́n, wọ́n ń wò mí.

Ṣùgbọ́n Akébé kò jẹ́ kí n dá nìkan wà. Ó dà bí ẹni pé gbogbo àdúgbò ló ti jókòó sórí àpótí yẹn rí. Ẹni tó bá ń kọjá á rí mi, á mọ ohun tí mo ń ṣe, á ní "C'est comment?" bí ẹni ń sọ pé báwo ni. Màá na ọwọ́ sí iná. Á ní "Bon courage," ìyẹn ẹ kú ìfaradà, á máa lọ. Obìnrin kan tí mi ò mọ̀ rí gbé èso dúdú kan tí wọ́n ń pè ní atanga wá fún mi, ó ti rì í sínú omi gbígbóná, ó fi iyọ̀ sí i, ó kan ni díẹ̀, ó sì dùn. Awakọ̀ tasí kan sọ̀kalẹ̀, ó fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ bátìrì kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wo ibà ọmọ, ó mi orí fún méjì, ó dákẹ́ lórí ẹ̀kẹta. Kò sí ẹni tó fi mí ṣẹ̀sín pé mo jẹ́ àjèjì.

Òjò dé lọ́sàn-án. A kó gbogbo rẹ̀ wọ abẹ́ páànù láìtú wáyà kankan. Kò sí òjìji mọ́. Mo rò pé ìdánwò ti parí, Toussaint ní rárá, aago ṣọ́ọ̀ṣì tó wà lókè ọ̀hún yóò dún nírọ̀lẹ́, ìyẹn náà ti tó. Ìyàwó rẹ̀ gbé oúnjẹ wá, a jọ jẹ ẹ́ nínú àwo kan. Níbẹ̀ ni mo ti sọ ọ̀rọ̀ Ọ̀gá fún un: àyà wọn, ọmọ ogójì, Ilé-ń-lọ.

Toussaint bi mí pé, "Ìgbà wo lẹ ti jókòó tì wọ́n kẹ́yìn, báyìí?"

Mo yọ ọwọ́ kúrò nínú àwo. Láti ọjọ́ tí mo ti gba òmìnira lọ́wọ́ Ọ̀gá, mo máa ń yà kí wọn, mo máa ń fi nǹkan sílẹ̀, mo máa ń rántí pé awakọ̀ kan ń dúró dè mí. Mi ò jókòó tì wọ́n di ọ̀sán rí. Mo fi ọjọ́ mélòó kan wo ìwà ará Gàbọ́ọ̀nù, kí n tó wá rí ibi tí mo ti ń sáré jù nílé. Mo sọ fún Toussaint pé mi ò rántí.

Nígbà tí aago ku díẹ̀ kó dún, iná ẹ̀kẹta pọ́n. Ó pọ́n bí ojú ẹni tí kò sùn. Méjì yòókù ń tàn síbẹ̀. Aago dún, Toussaint yọ wáyà. Ó gba bátìrì ọkọ̀ méjì nínú mẹ́ta mi, nítorí àwọn onítasí máa ń fẹ́ irú rẹ̀, ó kó méjì tó yege fún mi dípò wọn, ó dá ẹ̀kẹta tèmi padà. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí n fi ìyẹn gba èyí tó pọ́n yẹn, pé nílé, kò sí ẹni tí yóò mọ̀.

"Ẹ̀yin á mọ̀," ló wí. "Bí ọ̀gá yín bá sì ń mí, tí èyí bá dákẹ́, èmi náà á ti mọ̀ láti ibí."

Ó fi wọ́n sí orí ẹ̀rọ ìṣáájì di ọjọ́ kejì. Ní àárọ̀, òun fúnra rẹ̀ ló bá mi gbé wọn dé èbúté. Kò gba ohunkóhun. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́, ó ní, "On est ensemble." Ọ̀rọ̀ tí wọ́n fi ń dágbére níbẹ̀ nìyẹn: a jọ wà. Ẹni tí ẹ fẹ́ pínyà lẹ ń sọ fún pé ẹ jọ wà. Mi ò tíì gbọ́ ìdágbére tó dára jù ú lọ.

Ọwọ́ Ọ̀gá

Mo délé kí ọyẹ́ tó dé. Mo gbé bátìrì méjèèjì wọ Ilé-ń-lọ, mo wà á lọ sí ẹnu ọ̀nà Ọ̀gá. Wọ́n jáde pẹ̀lú ọ̀pá wọn, wọ́n wo àwọn bátìrì náà yí ká, inú wọn dùn. Kí n tó mọ̀, wọ́n ti na ọwọ́ sí àpò, wọ́n ti fa wáyà yọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ti kọ́ṣẹ́ rí, ẹ mọ̀ pé ọmọ iṣẹ́ kì í di ọ̀gá lọ́wọ́ mú. Bí mo bá dákẹ́, iná á ta ṣín-ín, wọ́n á ní òkú ni mo rìn dé òkèèrè lọ rà, wọn ò sì ní wọ ọkọ̀ náà. Bí mo bá sọ̀rọ̀, mo ń sọ fún bàbá tó fún mi ní oúnjẹ òòjọ́ mi pé ohun tí wọ́n fi kọ́ mi kò pé. Mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí ilẹ̀.

"Ọ̀gá, ẹ foríjì mí. Ẹ má fi wáyà kàn án."

Wọ́n dúró. "Kí ló dé?"

"Kò mọ igbe ké, Ọ̀gá. Díẹ̀díẹ̀ ló ń mú nǹkan jáde. Bí a bá fi iná wò ó, á jọ òkú, kò sì kú."

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀?"

"Nàgó kan ni, ní Akébé."

Mo ń gbọ́ èémí wọn lókè orí mi. Wọ́n wá ní, "Òun, báwo ló ṣe ń wò ó?"

"Ó máa ń jókòó tì í ni, láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́."

"Dìde. Lọ ṣí fáànù yẹn, kí o sì gbé àga méjì wá."

A jókòó sínú Ilé-ń-lọ níwájú ilé wọn láti ìgbà náà lọ di ìrọ̀lẹ́, èmi àti Ọ̀gá, ẹnu ọ̀nà ṣí sílẹ̀, fáànù ń fẹ́ sí wọn láyà. Awakọ̀ méjì ránṣẹ́ sí mi, mi ò lọ. Ọ̀gá sọ ìtàn tí mi ò gbọ́ rí, nípa bátìrì àkọ́kọ́ tí wọ́n fọwọ́ kàn láyé wọn, nípa ẹ̀rù tó bà wọ́n. Wọ́n sùn lọ́sàn-án, èémí wọn rọlẹ̀, mo ṣọ́ fáànù, mo ka èémí. Ìgbà tí wọ́n jí, oòrùn ti ń lọ sílé, fáànù ń fẹ́. Wọ́n fi ọwọ́ kan ẹ̀gbẹ́ bátìrì náà, bí awakọ̀ tasí Akébé ti ṣe gan-an, ẹnì kan kò sì kọ́ wọn.

"Sùnmọ́nù, ọmọ mélòó ni mo kọ́?"

"Wọ́n lé ní ogójì, Ọ̀gá."

"A ò gbọ́dọ̀ fo ẹnì kankan."

Ìlọrin la kọ́kọ́ dé, ní ṣọ́ọ̀bù Jímọ̀, ẹni tó ṣáájú mi lọ́wọ́ Ọ̀gá. A bá a nínú ẹ̀wù iṣẹ́ bí Ọ̀gá ṣe fẹ́. Ó dúró láàárín àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀, wáyà ń bẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ó ń fi hàn wọ́n pé bátìrì kì í purọ́ fún wáyà. Páá! Ó gbójú sókè, ó rí ẹni tó ń sọ̀kalẹ̀ nínú mọ́tò, ó ju wáyà sílẹ̀, ó dọ̀bálẹ̀. Àwọn ọmọ iṣẹ́ rẹ̀ dọ̀bálẹ̀ tẹ̀lé e.

Ọ̀gá fi ọ̀pá wọn juwe wáyà tó wà nílẹ̀.

"Jímọ̀, èmi ni mo kọ́ ọ ní ìyẹn, níṣojú ọ̀pọ̀ èèyàn. Ìdajì ni mo kọ́ ọ. Dìde, níṣojú àwọn ọmọ rẹ náà, gbé àpótí wá kí n kọ́ ọ ní ìdajì tó kù."

Jímọ̀ wò mí. Mo ti ń gbé àpótí tèmi bọ̀.